Níbo Ló Wà Lára Rẹ?

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú ọyẹ́, nílé wa ní Kubwa, l'Ábùújá. Ọmọ mi ọkùnrin ń lọ sí ọdún méje nígbà náà. Ó ti ilé ìwé dé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ju báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kúlà oúnjẹ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Kúlà kọjá létí rẹ̀, ó bá ògiri, ìdérí là sí méjì, ìrẹsì tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ sì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

Mo figbe bọnu. "Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé o fẹ́ pa á ni?" Kò dá mi lóhùn. Nígbà tó máa fi sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́: "I'm angry. I'm a bad boy."

Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n jókòó nítòsí fèrèsé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n bi mí pé kí lọmọ wí. Mo ní, "Ó ní inú ń bí òun, Mà." Wọ́n gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n nawọ́ sí i.

"Ọkọ mi, wá. Inú ń bí ọ? Níbo ló wà lára rẹ? Fi ọwọ́ hàn mí."

Ó wo ikùn ara rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń wá owó nínú àpò. Ó ní, "Kò sí níbí." Ọwọ́ rẹ̀ gòkè, ó kan àyà, ó kọjá ibẹ̀, ó dúró sí ọ̀fun. "Ibí ló wà. Ó há síbẹ̀."

"Ó há bíi kí ni?"

"Bíi ẹ̀bà tí kò lọ."

Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀bà tí kò bá lọ, omi la fi ń tì í, wọ́n sì ní kí n bu omi wá fún un. Ó mu ún tán kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti ṣi ọ̀rọ̀ kan kà lójú gbogbo kíláàsì. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ó ti ẹni tó jókòó tì í, wọ́n sì sọ fún un pé ọmọ burúkú ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi di òní. Ọmọ tó bá sọ pé "I'm angry" ti sọ ara rẹ̀ di ìbínú. Láti ibẹ̀ dé "I'm a bad boy," ìṣísẹ̀ kan péré ni, ọmọ mi sì ti gbé e kó tó délé. Ṣùgbọ́n lédè tiwa, inú ló ń bí i. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ojú ló ń tì í. Nǹkan ọ̀hún ló ń ṣe ọmọ, ọmọ kọ́ ni nǹkan ọ̀hún. Lóòótọ́ a ní onínúfùfù, a sì ní ojo, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ṣe é bọ̀ tipẹ́ tó ti di ìwà sí i lára là ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe ọmọ ọdún méje ní onínúfùfù torí ó ju kúlà lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ tún wo bí àwọn tó ni èdè yìí ṣe pín gbogbo rẹ̀ sí ara. Inú ń dùn, inú ń bàjẹ́, inú ń ru. Àyà ń já. Ọkàn ń pòrúurùu, ọkàn ń balẹ̀. Orí ń wú. Ara ń gbọ̀n. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn mú sùúrù, wọ́n á ní kó fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Gbogbo èyí la ń sọ lójoojúmọ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Màmá mi kò ka ìwé kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kàn gba èdè wọn gbọ́ ni: bí inú bá ń bí ọmọ, á jẹ́ pé ó níbi tó ti ń bí i.

Àwọn ọmọ wa tó ń dàgbà níhìn-ín kò gbọ́ èdè yìí tó. Láti ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí wọ́n ti gbé olú ìlú Nàìjíríà kúrò ní Èkó wá sí Àbújá, iṣẹ́ ló ń kó ọ̀pọ̀ nínú wa wá. Ọmọ ń ṣeré pẹ̀lú ọmọ Hausa, ọmọ Igala, ọmọ Ígbò àti ọmọ Gbagyi nínú kọ́ńpáǹdì kan náà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo wọn fi ń pàdé. Mi ò bú Gẹ̀ẹ́sì, òun ló ń bọ́ mi. Àmọ́ mo rí i pé nígbà tí nǹkan bá gbóná lọ́kàn ọmọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: "happy," "sad" àti "angry." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kò lè gbé ohun tó wà nínú ọmọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo rí i pé ohun tí màmá mi ṣe lórí àga yẹn, àwọn onímọ̀ ti ń bá a bọ̀. Lọ́dún 1979, Jon Kabat-Zinn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn University of Massachusetts fún àwọn tí ìrora wọn kò gbóògùn. Ó ń kọ́ wọn láti jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n máa kíyè sí èémí wọn, ara wọn àti ohun tó ń kọjá lọ́kàn wọn, láìbá a jà. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti rí i kọ́, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀sìn kún un. Mindfulness ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2007, Matthew Lieberman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of California, Los Angeles, fi àwòrán ojú àwọn tínú ń bí àti àwọn tẹ́rù ń bà han àwọn àgbàlagbà nígbà tí ẹ̀rọ ń wo ọpọlọ wọn. Bí ẹni náà bá fún ohun tó rí lójú yẹn lórúkọ, apá ọpọlọ tó ń lu agogo ewu, tí wọ́n ń pè ní amygdala, a rọlẹ̀ díẹ̀. Orúkọ lásán ni wọ́n fún un o.

Mo kọ́kọ́ ṣe é bí mo ṣe rí i lórí fóònù. Mo ní kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n pa ojú dé, kí wọ́n máa ka èémí wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí èyí obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí ọkùnrin sùn lọ. Apá iwájú ọpọlọ tí ènìyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu kì í dàgbà tán títí ènìyàn fi ń súnmọ́ ọdún 25. Èmi ń béèrè ìjókòó àgbàlagbà lọ́wọ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Eré ni ọmọ fi ń mọ gbogbo ohun tó mọ̀, eré náà ló sì yẹ kó fi mọ ọkàn ara rẹ̀.

Ìyá kan nínú kọ́ńpáǹdì wa, ará Kàdúná, ra fíríìjì tuntun. A tọrọ páálí rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ lé e lórí, mo sì fi máákà dúdú fa ìlà yí wọn ká láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọbìnrin ìyá náà wọlé wá, òun náà dùbúlẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta tí kò lójú, tí kò nímú, wà nílẹ̀ báyìí. Mo kó kíréyọ̀n fún wọn, mo ní, "Nígbà tínú rẹ bá dùn gan-an, níbo ló wà? Kùn ún."

Èyí obìnrin kò rò ó rárá. Ó mú àwọ̀ ewé, ó kun ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ní ibẹ̀ ló wà, torí ó fẹ́ fò. Ọmọ aládùúgbò wa kun gbogbo ojú ní yẹ́lò. Nígbà tá a dé orí ìbínú, ó fi Hausa sọ fún ara rẹ̀, "Na ji haushi," ó sì kun àtẹ́lẹwọ́. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. "Ji" tí àwọn Hausa fi ń sọ pé àwọn gbọ́ nǹkan, òun náà ni wọ́n fi ń sọ pé ìbínú tàbí ẹ̀rù wà lára àwọn. Lédè tirẹ̀, ọmọ náà gbọ́ ìbínú rẹ̀ bí ẹni gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn.

Èyí ọkùnrin ló pẹ́ jù. Ó fi dúdú to àmì tó-tò-tó sí ẹ̀yìn ọrùn, ó ní ẹ̀rù nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló mú pupa, ó sì kun etí méjèèjì tó fi kọjá ìlà. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní, "Ojú ń tì mí ni. Etí mi máa ń gbóná."

Ó gbà mí ní àsìkò kí n tó lè sọ̀rọ̀. Mo mọ etí yẹn. Ìgbàkúgbà tí mo bá pè é láti wá kàwé fún mi, tó bá dúró gbagidi, tí kò fèsì, etí rẹ̀ a máa pọ́n. Mo ti ń pe ìyẹn ní agídí láti ọdún kan sẹ́yìn. Mo ti tìtorí rẹ̀ gbá a létí rí, etí náà gan-an. Ojú ló ń tì í. Páálí fíríìjì ló sọ fún mi.

Ike omi ló tẹ̀ lé páálí. Lọ́jọ́ náà máìrúwà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọmọlanke rẹ̀ lọ, omi kún ilé. Mo ní kí wọ́n bu erùpẹ̀ pupa níta, kí wọ́n dà á sínú ike olómi, kí wọ́n dé e, kí wọ́n mì ín bí wọ́n bá ṣe fẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá wọn wí. Wọ́n mì ín títí, omi dàbí ẹ̀jẹ̀ ẹran. Mo ní, "Báyìí ni inú ṣe ń rí nígbà tó bá ń ru. Ẹ gbé e sójú fèrèsé." Iyanrìn tó wà nínú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kíá. Erùpẹ̀ tó kúnná kò kánjú. Wọ́n wò ó títí ó fi sú wọn, wọ́n lọ jẹun, wọ́n fọ abọ́. Nígbà tí èyí ọkùnrin padà débẹ̀, òkè omi ti mọ́, ó ń rí igi máńgòrò ìta láti inú ike.

"Mọ́mì, ta ló sẹ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sẹ́ ẹ. Ó tòrò fúnra rẹ̀ ni."

Ó tún un sọ lẹ́nu: "Ó tòrò." Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Èmi ti gbọ́ ọ láti kékeré nínú àdúrà àwọn àgbà, pé kí ayé wa tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn, mo sì ń ṣe àmín sí i bí ẹni ń kí i ní ẹ kú àárọ̀. Ojú fèrèsé ilé mi ni mo ti rí ohun tí wọ́n ń tọrọ fún mi. Ike náà ṣì wà níbẹ̀. Bí ìjà bá dé, ọ̀kan nínú wọn a lọ gbé e, a mì ín, a gbé e sílẹ̀, a sì jókòó tì í. Ìgbà mìíràn kì í ṣiṣẹ́, ìgbà mìíràn ike gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ẹkùn mẹ́ran ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n: à ń di ọwọ́ mú yíká, ewúrẹ́ wà láàárín, ẹkùn wà lóde, olórí ń pe, àwọn yòókù ń dáhùn pé "Mẹ́ẹ̀!" Àwọn ọmọ kọ́ńpáǹdì wa kọ́ ọ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, ẹ̀yà yòówù kí wọ́n jẹ́. Ohun tí mo fi kún un kò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹkùn bá ti mú ewúrẹ́, gbogbo wa á dúró gbári, a ó fọwọ́ lé àyà. Ó ń lù kì kì kì. A ò ní sọ̀rọ̀, a ó kàn máa fi ọwọ́ gbọ́ ọ títí tí yóò fi rọlẹ̀. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ní ìdánilójú pé àyà tó ń já lónìí máa padà balẹ̀, torí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí àyà rẹ̀ bá já nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò ní rò pé òun ń kú lọ.

Fún èémí, kókó gbígbóná ni à ń lò, ògì tí àwọn ará ibí ń mu pẹ̀lú kósáì, àkàrà wọn, láàárọ̀. Ká ṣe bí ẹni gbé ife rẹ̀ dání. Ká gbóòórùn rẹ̀, ká wá fẹ́ ẹ, jẹ́jẹ́jẹ́, kó má baà dànù. Bí èémí tó ń jáde bá gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, ìlùkìkì ọkàn a máa rọlẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe ṣẹ̀dá ara nìyẹn. Ọmọ kò nílò láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kókó ló ń fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lugbe rí gbogbo èyí, wọ́n ní mò ń kẹ́ àwọn ọmọ bàjẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé bínú bá ń bí ọmọ, a ó máa bẹ̀ ẹ́ ni?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, mo sì dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọjọ́ tí kúlà fọ́, omi tí màmá mi fún ọmọ náà mu kò pa ẹ̀bi rẹ̀ rẹ́. Òun ló ṣa ìrẹsì yẹn nílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Òun ló fọ abọ́ gbogbo ilé fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì bẹ àbúrò rẹ̀. Màmá mi ló sọ ọ́ fún un bí ó ṣe ń ṣa ìrẹsì: "Inú lè bí ọ, ọwọ́ rẹ ni kò gbọdọ̀ bínú." Mi ò tíì rí ìwé tó sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo kọ̀ ni "gbé ẹnu ẹ dákẹ́" àti "ọkùnrin kì í sunkún" tí wọ́n fi tọ́ àwa dàgbà. Ẹkún tí a bá tì padà sínú kì í gbẹ.

Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń ta oògùn. Lọ́dún 2022, èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní Ìlú Ọba, MYRIAD lorúkọ rẹ̀. Ilé ìwé 85 ló kópa nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 tó lé ní 8,000. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní mindfulness nínú kíláàsì bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ sórí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kò ṣe àǹfààní ju èyí tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà kì í sì fi dánra wò nílé. Mo ka èyí, mo rántí ọmọ mi tó sùn lọ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà mí nígbà tí mo bá gbọ́ pé ilé ìwé kan fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ tí wọ́n á máa fún ní máàkì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 ka eré ṣíṣe sí ẹ̀tọ́ ọmọ, síbẹ̀ mo mọ ọmọ tó ń jáde nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó ń ti lẹ́sìnnì dé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìgbà wo ni onítọ̀hún fẹ́ bá ara rẹ̀ pàdé?

Oṣù tó kọjá, iná lọ lálẹ́, ẹ̀rọ amúnáwá kò sí epo nínú rẹ̀. A jókòó sórí ẹní ní balùkóní, màmá mi wà lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́. Àlọ́ àpamọ̀ ni à ń pa. Ó ti pẹ́ tá a ti ń pa tiwa, tí a ń pa á mọ́ ohun tó ń ṣe wá. Èyí ọkùnrin ní, "Àlọ́ o!" A ní, "Ààlọ̀!" Ó ní, "Ó gbóná bí iná, kò ní èéfín. Kí ni o?" Àbúrò rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n: "Ìbínú!" Èmi pa tèmi: ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó jáde láìdágbére. Wọ́n ní ẹ̀rù. Mo ní ìbànújẹ́ ni mo fi pa á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà bá a mu.

Ó kan èyí obìnrin. Ó dákẹ́ pẹ́.

"Àlọ́ o."

"Ààlọ̀."

"Ó wà nínú mi, kò lórúkọ. Kí ni o?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ebi. Ó mi orí. Mo ní oorun. Ó mi orí. Ìbẹ̀rù ńkọ́? Àárò Màmá àgbà ńkọ́? Kì í ṣe òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní a ti gbà, kó já a fún wa.

Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo ti ní kò lórúkọ."

Ohùn màmá mi jáde látinú fóònù. "Ìyá mi, níbo ló wà?"

Ó fọwọ́ sí àárín àyà rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó rántí pé wọn kò rí òun, ó ní, "Àyà, Màmá àgbà. Láàárín."

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, Mà. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni."